Àwọn tó gbé poli Ṣakí ró: ìtàn tí kò gbọdọ̀ bá fóònù wa lọ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa ń ṣe láràárọ̀. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ bá àtẹ̀jíṣẹ́ rẹpẹtẹ. Láàárín àdúrà òwúrọ̀, fídíò àti ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ rí ọ̀kan tó ní: "Ẹ bá wa yọ̀, ẹ̀gbọ́n wa ní poli ti gba ìgbéga." Ẹ tẹ "Ẹ kú oríire, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹ", ẹ sì kọjá. Lọ́la, òmíràn dé: "Màmá tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà ti fẹ̀yìn tì." Ẹ tẹ ọwọ́ àdúrà méjì. Lọ́tùnla, àwòrán kan pẹ̀lú àbẹ́là: dírẹ́bà ilé-ìwé ti dágbére fáyé. Ẹ tẹ "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un", ó parí.

Ṣé ó parí lóòótọ́? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni pé ìròyìn kéékèèké yẹn, ta ló wọlé, ta ló jáde, ta ni wọ́n gbé ga, ta ni wọn ò tíì san owó oṣù fún, òun gan-an ni ìtàn ilé-ìwé wa. Òkúta ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ gómìnà wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbàgbé ìyẹn. Àmọ́ òkúta kì í kọ́mọ níwèé. Èèyàn ló ń kọ́ni, èèyàn ló ń gbálẹ̀, èèyàn ló ń sùn tì í lóru. Àwọn èèyàn yìí ni ìtàn wọn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ má rò pé ìròyìn òṣìṣẹ́ jẹ́ ohun tí fóònù gbé dé. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ lédè Yorùbá, Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, irú ìròyìn yìí wà nínú rẹ̀ dáadáa. Pásítọ̀ wo ló dé, míṣọ́nárì wo ló ń lọ, ta ni wọ́n fi joyè nínú ìjọ. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí Yorùbá ti ń tẹ ìròyìn sórí ìwé ni ìròyìn òṣìṣẹ́ ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwé náà mọ̀ pé bí èèyàn ò bá mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kò lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Ẹ wo ohun tí àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe fún wa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn CMS kọ ọ́ sílẹ̀ ni a fi mọ̀ pé Samuel Johnson wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta ní 1863, pé ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, kó tó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Johnson yìí náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà títí dòní. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ìwé náà sì sọnù sọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901 láì fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló padà kó àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà jọ, tó tún un kọ, kó tó wá jáde ní 1921. Ẹ rò ó wò: ká ní àbúrò yẹn ti da àwọn ìwé wọ̀nyẹn nù bí a ṣe ń da ìwé nù lẹ́yìn ìsìnkú, kí là bá mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ Ilé? Kí là bá mọ̀ nípa ilẹ̀ tí àwa gan-an ń gbé lórí rẹ̀?

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yẹn náà rìn ìrìn-àjò. Lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nárì kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, Èkó ló gbà. Ní 1896 ó dé Ọ̀yọ́, ìyẹn ni St Andrew's College. Àwa ará Òkè-Ògùn mọ Ọ̀yọ́, torí ẹnu ọ̀nà wa ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ di tíṣà gidi ní agbègbè wa, ojú Ọ̀yọ́, Ìwó tàbí Ìbàdàn ló máa ń wò. D. O. Fagunwa kàwé ní St Andrew's, ó sì ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni, láti 1930 di 1939. Ìgbà tó wà níbẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde, ní 1938. Nígbà yẹn, lójú ẹni tó ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sínú rẹ́jísítà, tíṣà kan láàárín àwọn tíṣà ni Fagunwa. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa dà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí á máa ṣà èyí tí a máa kọ sílẹ̀ àti èyí tí a máa gbójú fò.

Kí owó oṣù tó di ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ lónìí, ó ti dun àwọn bàbá wa. Ní ọdún 1931, ọjọ́ 8 oṣù Keje, àwọn olùkọ́ péjọ ní Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ NUT sílẹ̀, I. O. Ransome-Kuti sì di ààrẹ wọn. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn. Tíṣà ìjọba ń gba tiẹ̀, tíṣà ìjọ ń gba èyí tó kéré sí i, wọ́n sì tún ń gé e. Tíṣà tó wà ní ìlú kan ò mọ iye tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà ní ìlú kejì. Kí wọ́n tó lè bèèrè ẹ̀tọ́, wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ ara wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1933, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tí wọ́n pè ní The Nigerian Teacher. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigeria, tó wá di ìwé ìròyìn àṣà ńlá. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni 1955 dé. Ẹ̀yin tí bàbá yín wà lára àwọn ọmọ ọ̀fẹ́, ẹ mọ ìtàn yìí. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà jẹ́ 456,600. Nígbà tí 1955 máa fi dé, wọ́n ti di 811,432. Ọmọ pọ̀ tó báyìí lọ́dún kan ṣoṣo! Ta ló máa kọ́ wọn? Kíláàsì ṣeé kọ́ lóṣù mẹ́ta, pàápàá bí ará ìlú bá ṣàáró. Tíṣà ò ṣeé ṣe lóṣù mẹ́ta. Wọ́n ní láti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ káàkiri, wọ́n sì ní láti lo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà láti kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ilé ló máa ń yá, èèyàn ló máa ń pẹ́. Kò yí padà títí dòní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá délé. Ní 1970 ni wọ́n dá poli Ìbàdàn sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, poli náà ya ẹ̀ka. Ó ní ẹ̀ka ní Ìréè, ó ní ní Ẹ̀sà-Òkè, ó ní ní Erúwà, ó sì ní tiwa ní Ṣakí, lábẹ́ òkè Àṣabàrí. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1991, Ìréè àti Ẹ̀sà-Òkè bọ́ sí ọ̀hún, àwọn méjèèjì sì di ilé-ìwé tó dá dúró ní 1992. Erúwà àti Ṣakí kù lábẹ́ Ìbàdàn. Ó ku ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kan àwọn náà. Ní 2014, nígbà ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bí, àwọn méjèèjì gba òmìnira. Ti Erúwà di poli Ìbàràpá, tí wọ́n wá fi orúkọ Adéṣeun Ògúndoyin pè lẹ́yìn náà. Tiwa di The Oke-Ogun Polytechnic, Saki.

A jó lọ́jọ́ náà, àbí? Ó yẹ ká jó. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn: Ṣakí Ìwọ̀ Oòrùn àti Ìlà Oòrùn, Atisbo, Ìtẹ̀síwájú, Ìwàjówà, Kájọlà, Ìsẹ́yìn, Ọlọ́runṣògo, Ọ̀rẹlópé àti Ìrẹ́pọ̀. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyẹn, poli tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwa ń jó, ẹ jẹ́ ká béèrè: kí ló ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ nígbà tí ẹ̀ka bá di ilé-ìwé tó dá dúró?

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí. Kí òmìnira tó dé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka, fáìlì rẹ̀ wà ní olú ilé-ìwé. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ìgbéga wà níbẹ̀, ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bèèrè nǹkan, ó máa wọ mọ́tò. Bí òmìnira bá ti dé, ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní Rẹ́kítọ̀ tirẹ̀, rẹ́jísírà tirẹ̀, bọ́sà tirẹ̀ àti olórí láíbìrì tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun jẹ́ ti: ṣé òun ń bá ilé tuntun lọ ni, àbí òun ń padà sí ilé àtijọ́? Bí ó bá tẹ̀ lé ilé tuntun, ọdún mélòó ni wọ́n máa kà fún un? Ta ló máa san owó ìfẹ̀yìntì ọdún tó ti lò sẹ́yìn? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé fáìlì tó bá ń ti ìlú kan lọ sí ìlú kejì, ewé kan lè jábọ́ lójú ọ̀nà. Ewé kan ṣoṣo yẹn lè gba ọdún márùn-ún lọ́wọ́ àgbàlagbà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ẹni tó bá yàn láti dúró sí Ṣakí ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, tó fi ohun tó dájú sílẹ̀ tẹ̀ lé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan ńlá ló ṣe. Kò sí lára òkúta ìpìlẹ̀ kankan.

Ẹ̀yin kan á ní, "Ó dáa, a gbọ́, àmọ́ kí ló kan àwa tí a wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní London?" Ó kàn yín gan-an. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ NBTE, òfin 1977 ló dá a sílẹ̀, òun ló ń bójú tó poli ní gbogbo Nàìjíríà. Bí wọ́n bá wá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n máa wo yàrá ìwádìí, wọ́n máa wo láíbìrì, wọn ò sì ní gbàgbé láti ka olùkọ́. Mélòó ni? Ìwé wo ni wọ́n gbà? Ipò wo ni wọ́n wà? Ní poli, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ipò Assistant Lecturer, kó gba Lecturer III, II àti I kọjá, kó di Senior Lecturer, kó di Principal Lecturer, kó tó dé Chief Lecturer tó jẹ́ òkè pátápátá. Wọn ò fẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ ọmọdé, wọn ò sì fẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ àgbà tó máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá padà sí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù yín. "Ọ̀gá wa ti fẹ̀yìn tì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayẹyẹ nìkan. Bí wọn ò bá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn ti dínkù. Bí méjì bá tún lọ, NBTE lè má fọwọ́ sí i mọ́ nígbà tó bá tún dé. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ọmọ tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní Ṣakí máa di ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ máa san owó ilé níbẹ̀, tàbí kí ọmọ náà jókòó sílé. Ìdàkejì rẹ̀ náà sì wà. "Àbúrò wa ti padà dé pẹ̀lú ìwé ọ̀mọ̀wé", owó tí TETFund fi ń rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ló sábà máa ń wà lẹ́yìn irú rẹ̀, ó sì túmọ̀ sí pé ẹ̀ka kan ti ní òpó kan sí i. Ẹ rí i pé ìròyìn òṣìṣẹ́ ni ìròyìn ọmọ yín.

Ní ti owó oṣù, mi ò fẹ́ pa á mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká fi LAUTECH ṣe àpẹẹrẹ, torí ìròyìn rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní 1990 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá a sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Ọ̀ṣun yà sọ́tọ̀ ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì di onílé kan náà. Ẹ mọ òwe tó ní ọmọ tó bá ní ìyá méjì, ebi ló máa ń pa á? Bí ìjọba kan bá ní òun ti san tòun, èkejì á ní òun ò tíì rí ìṣirò. Ní 2016, àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù pọ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ilé-ìwé náà sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ tó yẹ kó lo ọdún márùn-ún lo méje. Oṣù Kọkànlá 2020 ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, tí Ọ̀yọ́ di onílé nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé, LAUTECH ṣí ẹ̀ka sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní báyìí, ìlú aṣọ òfì ti ní yunifásítì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ebedi.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nínú ìtàn LAUTECH ni pé nígbà tí owó oṣù dúró, òṣìṣẹ́ nìkan kọ́ ló jìyà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́nu géètì jìyà. Ọlọ́kadà jìyà. Onílé tó kọ́ yàrá mẹ́wàá fún akẹ́kọ̀ọ́ jìyà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú tó tóbi, omi á máa ṣàn níbòmíràn. Ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, owó tí òṣìṣẹ́ ilé-ìwé bá gbà lónìí ló máa dé ọjà lọ́la, tó máa dé oko lọ́tùnla. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ń fẹ̀hónú hàn, ẹ má sáré sọ pé "wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀." Ẹ kọ́kọ́ béèrè oṣù mélòó ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó le díẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Àwa ọmọ ilẹ̀ yìí ní ẹ̀bi tiwa. Bí Rẹ́kítọ̀ tuntun bá fẹ́ dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú gúrúùpù wa ni: "Ṣé ọmọ wa ni?" Bí ó bá jẹ́ ọmọ wa, ìbéèrè kejì ni: "Ìlú wo nínú wa?" Ará Ṣakí á ní ti Ṣakí ni, ará Ìsẹ́yìn á ní ẹ̀tọ́ tòun dà, ará Òkèhò àti Kíṣí á ní wọ́n ti tún gbàgbé àwọn. Ó dáa kí ọmọ ẹni dé ipò. Mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ta ló ń béèrè pé olùkọ́ mélòó ló kù ní ẹ̀ka ẹ̀rọ? Ta ló ń béèrè ìdí tí olùkọ́ tó ti Àkúrẹ́ tàbí Ẹnúgu wá fi kẹ́rù padà lẹ́yìn ọdún méjì? Ọ̀nà jìn, a mọ̀. Iná ń ṣe ségesège, a mọ̀. Àmọ́ àlejò tí a bá kí, tí a bá ìyàwó rẹ̀ wá ṣọ́ọ̀bù, tí a bá ọmọ rẹ̀ wá ilé-ìwé, ó máa ń pẹ́. Àwọn bàbá wa gba ọ̀pọ̀ tíṣà àlejò tó kọ́ wọn níwèé, wọ́n fún wọn nílẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì di ara ìlú. Ìwà yẹn ló sọ wá di ẹni tó ń kàwé.

Ẹ̀bi kejì ni pé a kì í ka àwọn tí kì í kọ́ni. Bí a bá ní "òṣìṣẹ́ poli", olùkọ́ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yí ilé-ìwé ká lóru ńkọ́? Ẹni tó mọ ibi tí páìpù omi gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá kú, wọ́n máa gbẹ́lẹ̀ lásán ni? Akọ̀wé tó fi tápúráítà tẹ àbájáde ìdánwò kí kọ̀ǹpútà tó dé, tó mọ fáìlì ẹni kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀? Dírẹ́bà tó ń gbé ìwé ìdánwò lọ sí Ìbàdàn nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹ̀ka, nígbà tí ọ̀nà ò dáa tó báyìí? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2012 ní kí òṣìṣẹ́ poli ti ìjọba àpapọ̀ máa ṣiṣẹ́ di ẹni ọdún 65. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín: bí a bá tiẹ̀ fi ọjọ́ orí yẹn wọn àwọn tiwa, ẹni tó wọlé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí ẹ̀ka Ṣakí ṣì ń rìn bí ọmọ tuntun, ó ti ń palẹ̀ mọ́ báyìí, tàbí kó ti lọ. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, kò ní sí ẹni tí a máa bi mọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó máa rọ àrọ́bá gbọ́dọ̀ wà láàyè, ẹni tó máa gbọ́ ọ náà sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í. WhatsApp kì í jókòó ti ẹnikẹ́ni. Fóònù tó bọ́ sómi lánàá ti kó ọdún mẹ́ta ìròyìn lọ.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè mẹ́rin fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kò sì sí èyí tó gba owó ńlá níbẹ̀.

Èkíní, bí òbí yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ṣiṣẹ́ rí ní poli Ṣakí, nígbà tó jẹ́ ẹ̀ka tàbí lẹ́yìn 2014, níbo ni ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wà? Ẹ wá a nínú àpótí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi di mọ́ínmọ́ín tàbí kí wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ojúlówó pamọ́.

Èkejì, àwọn àwòrán àtijọ́ tó wà lára ògiri yín, ta ló wà nínú wọn? Ẹ mú bírò, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn wọn láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ kọ ọdún. Àwòrán tí kò ní orúkọ, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwòrán àjèjì ni.

Ẹ̀kẹta, ta lẹ mọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì lè sọ̀rọ̀? Ẹ lọ kí wọn. Ẹ má mú fóònù jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ kí á kí àgbà, ẹ mú nǹkan díẹ̀ dání, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n: ọjọ́ wo ni wọ́n wọlé? Ta ni ọ̀gá wọn? Yàrá wo ni wọ́n ń lò? Ọdún wo ni owó oṣù kọ́kọ́ há, báwo ni wọ́n sì ṣe jẹun? Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba owó ìfẹ̀yìntì wọn. Bí wọn ò bá tíì gbà á, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtàn, ó di iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè bá wọn tẹ̀ lé, nítorí láàárín wa a ní lọ́yà, a ní aṣirò-owó, a ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ "Ẹ kú oríire" sábẹ́ ìròyìn ìgbéga, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: "Ipò wo ni wọ́n ti kúrò, ta ni wọ́n fi síbẹ̀?" Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ gbọ́. Ìgbà tí a bá tètè gbọ́ ni a lè tètè bá àwọn tó wà nílé ìjọba sọ̀rọ̀.

Gbogbo ohun tí ẹ bá rí, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó wà lọ́dọ̀ yín, kí ó lè wọ inú ìwé ìròyìn yìí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá mọ gbogbo rẹ̀. Obadiah Johnson ò dúró dìgbà tí ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa padà dé láti ìlú Òyìnbó. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan láti Ìgbòho tàbí láti Àdó-Àwáyè máa jókòó ní láíbìrì poli Ṣakí, á fẹ́ mọ àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun. Ẹ jẹ́ kó bá orúkọ wọn níbẹ̀: orúkọ Rẹ́kítọ̀, ti olùkọ́, ti akọ̀wé, àti ti bàbá tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yí ilé náà ká lóru. Ọwọ́ wa lọ̀rọ̀ náà kù sí o. Ire o.